Sílàìdì Òkúta ní Adó-Èkìtì: Iṣẹ́ Ọwọ́ Tó Dára, Ìlà Kan Tó Sọnù

Òkúta mẹ́ta ni mo kó sínú àpò ìrẹsì lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Adó-Èkìtì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, mo sì san ₦8,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè bá mi gé e ní awẹ́, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, kí wọ́n sì gbo ó títí tí yóò fi ṣẹ́kù mílímítà 0.03 péré, débi tí ìmọ́lẹ̀ yóò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Sílàìdì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tí ó ni ṣọ́ọ̀bù náà fi gígé mábù fún ibojì àti fún ilé ìdáná bẹ̀rẹ̀, mábù náà ni ó sì ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ di òní. Ṣùgbọ́n nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbé òkúta iṣẹ́ àṣekágbá wọn wá bá a, ó ti ya igun kan sọ́tọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù fún sílàìdì, ó sì gbé máíkírósíkóòpù àlòkù kan síbẹ̀ tí ènìyàn lè yá ní ₦1,500 fún wákàtí kan. Olùkọ́ jíọ́gíráfì ni mí ní Ìkẹ́rẹ́, n kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irú ibẹ̀ wà nítòsí wa. Mo kọ èyí fún olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹnikẹ́ni tí ó bá ní òkúta lọ́wọ́ tí ó sì fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Àwọn òkúta mẹ́ta náà kì í ṣe ọmọ Èkìtì. Àbúrò mi tí iṣẹ́ ọ̀nà gbé lọ sí Òkè Jos ni ó ṣà wọ́n níbi tí wọ́n ti ń fọ́ basalt, òkúta dúdú tí òkè oníná àtijọ́ bì sílẹ̀. Bí ẹ bá wo òkúta dúdú náà dáadáa, ẹ ó rí kókó aláwọ̀ ewé nínú rẹ̀, ọ̀kan tóbi tó ọsàn, èkejì kò ju orógbó lọ, ó ń dán bí ẹni pé ṣúgà aláwọ̀ ewé ni wọ́n rì mọ́ra. Kókó yìí ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Peridotite ni orúkọ rẹ̀, inú mantle ni ó sì ti wá, ìyẹn òkúta gbígbóná tí ó wà lábẹ́ èèpo ilẹ̀ títí dé nǹkan bíi kìlómítà 2,900 sísàlẹ̀. Nígbà tí òkúta yíyọ́ ń gòkè bọ̀, ó já lára ògiri ọ̀nà tí ó gbà, ó sì gbé ohun tí ó já náà dání wá sókè. Òkúta àlejò ni mo ń pè é fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ohun kan náà sì ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fi èdè Gíríìkì sọ ọ́ túmọ̀ sí. Àlejò yìí wúwo ju òkúta yíyọ́ tí ó gbé e lọ, nítorí náà bí ìrìn náà bá falẹ̀, ṣe ni ìbá rì padà bí ẹran ṣe ń rì sí ìsàlẹ̀ ọbẹ̀ tí kò ki. Dídé tí ó dé òkè fi hàn pé ìrìn wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ díẹ̀ ni, ìyára náà ni kò sì jẹ́ kí ohun tí a ti kọ sára rẹ̀ nísàlẹ̀ parẹ́ kí ó tó tutù.

Kò sí ẹni tí ó tíì gbẹ́ ilẹ̀ kọ́ńtínẹ́ǹtì kan débẹ̀ lọ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Èèpo ilẹ̀ nípọn tó kìlómítà 35 sí 40 lábẹ́ ọ̀pọ̀ kọ́ńtínẹ́ǹtì, nígbà tí ihò tí ó jìn jù lọ tí ọmọ ènìyàn tíì gbẹ́, èyí tí àwọn ará Soviet gbẹ́ ní Kola ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, dúró ní mítà 12,262 ní ọdún 1989. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa kò ju àwọn àlejò bí èyí àti ìgbì ìmìtìtì ilẹ̀ lọ, pẹ̀lú àwọn ibi díẹ̀ tí ìjà ilẹ̀ ti ti mantle jáde sí gbangba. Ó sì yẹ kí n fi èyí kún un, torí wọ́n máa ń bi mí ní Ìkẹ́rẹ́: Olósùnta, òkè àpáta ìlú wa, kò ti inú mantle wá. Òkúta Olósùnta, àti charnockite tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú mọ́ ewé tí a máa ń rí káàkiri Adó àti Ìkẹ́rẹ́, ọmọ èèpo ilẹ̀ ni gbogbo wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé apá ìsàlẹ̀ èèpo náà níbi tí ó gbóná gan-an ni charnockite ti máa ń wáyé. Bí ẹnikẹ́ni bá tà wọ́n fún yín ní òkúta mantle, ẹ gba owó yín padà.

Kí n tó fi àwọn àlejò náà lé ọ̀gá lọ́wọ́, òkúta mìíràn láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni mo kọ́kọ́ fi dán an wò. Quartzite funfun ni, gbogbo ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ quartz, èròjà òkúta tí ó pọ̀ nínú yanrìn, quartz sì ni òṣùwọ̀n tí gbogbo agésílàìdì fi ń wọn iṣẹ́ ara wọn. Bí awẹ́ òkúta bá tínrín tó mílímítà 0.03 gẹ́lẹ́, tí a sì gbé e sáàárín asẹ́ ìmọ́lẹ̀ méjì tí ó dábùú ara wọn nínú máíkírósíkóòpù, quartz yóò ṣe àwọ̀ eérú títí dé funfun. Bí ó bá ṣì nípọn jù, yóò ṣe àwọ̀ òféfèé, yóò sì pupa bí ó bá tún nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sílàìdì tí ọ̀gá fún mi rí bí eérú láti igun kan dé èkejì. Mo ti rí iṣẹ́ tí ó ti ibi tí ó lókìkí jù ibẹ̀ lọ jáde tí àárín rẹ̀ dára ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ ti gbo tán.

Ìṣòro wà níbẹ̀, nítorí pé kò sí quartz rárá nínú peridotite. Ohun tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni olivine, òun ni ó ń fún un ní àwọ̀ ewé, oríṣi pyroxene méjì àti spinel díẹ̀, tí àwọn náà jẹ́ èròjà òkúta, ni ó kún un. Mo bi ọ̀gá bí yóò ṣe mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dáwọ́ gbígbo dúró. Ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí agolo mílíìkì kan lórí pẹpẹ, ó mú ẹ̀rúnrún quartzite tí kò tó èékánná ìka kékeré jáde, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awẹ́ peridotite mi. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́rìí jókòó tì í. Bí ẹlẹ́rìí bá ti di eérú, ẹjọ́ ti parí nìyẹn." Ohun tí ó ṣe náà rọrùn, ó sì péye, kò sì sí ẹ̀rọ olówó ńlá kankan nínú rẹ̀. Nítorí ẹ̀rúnrún yẹn nìkan ni mo fi kọ́kọ́ pinnu pé n ó kọ̀wé nípa ṣọ́ọ̀bù yìí.

Ó tún mọ̀ pé òkúta àlejò kì í gba gígé bí mábù. Ẹrù kìlómítà púpọ̀ ni a sọ̀ kúrò lórí rẹ̀ lójijì nígbà tí ó ń gòkè, nítorí náà ó kún fún ìsán wẹ́wẹ́, àwọn hóró rẹ̀ sì máa ń bọ́ sílẹ̀ bí àkàrà ọjọ́ kẹta. Ṣe ni ó kọ́kọ́ fi gọ́ọ̀mù oníméjì tí a ń pò pọ̀ rin ín, ó sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ó tó gbé dísìkì onídáyámọ́ńdì lé e. Lẹ́yìn tí ó gé e, ọmọọṣẹ́ rẹ̀ obìnrin kan gba iṣẹ́ náà, ó da ìyẹ̀fun tí ó gbo nǹkan sórí gíláàsì títẹ́jú pẹ̀lú omi, ó sì ń fi ìka mẹ́ta péré yí sílàìdì náà bí nọ́ńbà 8, ìyẹ̀fun tí ó ki ni ó fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó kúnná jù ni ó fi parí. Ènìyàn lè rò pé ata ni ó ń lọ̀, àfi pé ọlọ yìí kò fẹ́ agbára rárá. Bí ọwọ́ bá wúwo ní ìgbà mẹ́wàá tí ó kẹ́yìn, òkúta náà yóò pòórá lórí gíláàsì. Ọ̀nà yìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí Henry Clifton Sorby fi hàn àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1850.

Mo yá máíkírósíkóòpù náà fún wákàtí méjì lórí òkúta àkọ́kọ́. Kí a tó gbé asẹ́ kejì dábùú ti àkọ́kọ́, olivine kò ní àwọ̀, ó rí bí iyọ̀ wẹ́wẹ́ lásán. Bí a bá ti gbé e dábùú, àwọ̀ búlúù, àwọ̀ òsùn, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ òféfèé yóò bo ojú ènìyàn, bí òróró mọ́tò tí ó dà sórí omi òjò ní títì. Ẹ má jẹ́ kí ẹwà náà gbé yín lọ. Yíyí ni iṣẹ́ wà. Pẹpẹ máíkírósíkóòpù náà ṣe é yí bí ìdérí ìkòkò, hóró kọ̀ọ̀kan yóò sì máa ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ìdá mẹ́rin ìyípo. Hóró tí kò rí ìyà rí máa ń ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ara rẹ̀, bí ìgbà tí a pa iná. Hóró ńlá kan wà láàárín sílàìdì mi, gígùn rẹ̀ tó mílímítà mẹ́rin. Bí mo ti ń yí i, apá òsì rẹ̀ kọ́kọ́ ṣókùnkùn, ìlà kan wà níbẹ̀ tí ó tọ́ bí ẹni pé rúlà ni a fi fà á, lẹ́yìn ìlà náà ìmọ́lẹ̀ ṣì wà. Mo yí i díẹ̀ sí i, apá àárín ṣókùnkùn, apá òsì tún là. Mo yí i sí i, ó kan apá ọ̀tún. Hóró kan ṣoṣo ni, kò fọ́, kò sán, síbẹ̀ ó ti ká sí mẹ́ta.

Òkúta líle ni olivine, èyí tí magnesium kún inú rẹ̀ kì í sì í yọ́ títí yóò fi dé nǹkan bíi 1,890°C ní orí ilẹ̀ wa níbí, bẹ́ẹ̀ ibi tí òkúta mi ti wá kò gbóná tó bẹ́ẹ̀. 800 sí 1,100°C ni a máa ń bá fún irú àlejò tí basalt gbé wá. Nítorí náà kì í ṣe pé ó yọ́ kí ó tó ká. Líle ni ó wà tí ó fi ń ṣàn, ní sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ́dún. Bí ó ṣe ń ṣe é kò yàtọ̀ sí bí a ṣe ń sún tapólì tí a sá kòkó sí. Bí òjò bá ṣú tí tapólì kún fún kòkó, ọkùnrin mẹ́ta kò lè wọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó bá gbọ́n yóò ká etí rẹ̀ díẹ̀ sókè, yóò sì máa ti ìká náà láti etí kan dé èkejì. Bí ìká náà bá ti jáde ní òdìkejì, gbogbo tapólì ti sún ní ẹsẹ̀ kan. Inú olivine bẹ́ẹ̀ náà ni. Àléébù tínrín wà nínú ìtò àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀, àléébù náà ni ó ń rìn, ìlà kan ni ó sì ń yẹ̀ lórí ìkejì lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí àléébù púpọ̀ bá kóra jọ sí tí wọ́n sì tò, níbẹ̀ ni ìlà tí ó tọ́ bíi ti rúlà náà ti ń wáyé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mọ sísá kòkó, ìdí nìyí tí mo fi ń bá tapólì lọ nínú kíláàsì.

Fífi òkúta Ẹ̀fọ̀n wé òkúta Jos lórí pẹpẹ kan náà jẹ́ ohun tí mo gbádùn jù lọ ní ọjọ́ náà. Quartz Ẹ̀fọ̀n náà ti ká, ó ti nà, òjìji ń rìn kọjá lára rẹ̀ bí a ti ń yí i, nítorí pé quartz ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn láti nǹkan bíi 300°C. Olivine nílò ìgbóná tí ó ju ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ yìí ni ó fà á tí ìsàlẹ̀ èèpo ilẹ̀ lè rọ̀ nígbà tí òkè mantle tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, tí ó tilẹ̀ gbóná jù ú lọ, ṣì le.

Òkúta kejì sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Àwọn hóró rẹ̀ kò ká, wọn kò sì ní òjìji. Ìlà tí ó pààlà láàrin wọn tọ́, mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n sì ń pàdé ní igun tí ó sún mọ́ 120°, gẹ́gẹ́ bí ìhó ọṣẹ ṣe máa ń fara ti ara wọn nínú báàfù. Òkúta tí ó ti sinmi ni. Ó jìyà nígbà kan, lẹ́yìn náà ìgbóná pẹ́ lára rẹ̀ láìsí ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́ mọ́, ó sì wo ara rẹ̀ sàn. Síbẹ̀ hóró ńlá méjì ṣẹ́kù nínú rẹ̀ tí ọmọ hóró kéékèèké yí ká, àwọn ọmọ hóró náà sì níye lórí fún ẹni tí ó bá mọ̀ wọ́n. Nígbà tí agbára tí ń tẹ olivine bá pọ̀, hóró ńlá máa ń fọ́ sí hóró tuntun ní etí rẹ̀. Bí agbára náà bá ṣe pọ̀ tó ni hóró tuntun náà yóò ṣe kéré tó. Ẹni tí ó bá fi rúlà inú máíkírósíkóòpù wọn wọ́n lè ṣírò bí agbára tí ó tẹ òkúta náà ti tó ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Mo wọn ogójì. N kò ní kọ iye tí mo rí síbí, nítorí pé sílàìdì kan ṣoṣo kò tó láti sọ ohun tó dá ènìyàn lójú, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ọmọbìnrin yẹn mọ́ tó láti wọn ogójì hóró láìsí èyí tí ó bọ́ sọnù.

Ti bí òkúta náà ti jìn tó, ṣọ́ọ̀bù yìí lè bá yín dé ìdajì ọ̀nà. Nínú òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, spinel ni mo rí, hóró aláwọ̀ ilẹ̀ tí ó ṣe ségesège láàrin olivine. N kò rí garnet, èròjà òkúta mìíràn, kankan. Ní ìsàlẹ̀ ibi tí ó jìn tó kìlómítà 60 sí 80, ẹrù tí ó wà lórí òkúta máa ń sọ spinel di garnet, nítorí náà mo mọ̀ pé àwọn àlejò mi kò ti ibi tí ó jìn jù bẹ́ẹ̀ wá. Bí a bá fẹ́ mọ ìgbóná rẹ̀ gan-an, a gbọ́dọ̀ wọn èròjà inú pyroxene méjèèjì, pàápàá bí wọ́n ṣe pín calcium láàrin ara wọn, èyí sì gba ẹ̀rọ tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù mábù. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni Francis Boyd ṣe ní 1973 lórí àwọn àlejò láti Lesotho, níbi tí ó ti fi òkúta kọ̀ọ̀kan sípò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti jìn àti bí ó ti gbóná, tí ó sì rí i pé àwọn tí ìyà ti tẹ̀ tí wọ́n sì ti nà jù ni ó ti ibi tí ó jìn jù lọ wá. Ọ̀gá kò purọ́ fún mi lórí èyí. Mo bi í, ó ní òun kì í ṣe é, kò sì sọ pé òun lè bá mi wá ẹni tí ó ń ṣe é kí ó lè jẹ lára rẹ̀.

Lórí òkúta kẹta ni ọ̀rọ̀ ti yíwọ́. Òun ni ó dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí pé ojú lásán lè rí i pé àwọn hóró rẹ̀ tẹ́ pẹlẹbẹ sí ìhà kan, wọ́n sì nà sí ìhà kan lórí pẹlẹbẹ náà. Mo fi máákà fa ìlà pupa sí i, mo sì sọ fún ọ̀gá pé kí ó gé e ní ìdábùú pẹlẹbẹ náà ṣùgbọ́n kí ó bá ìhà tí ó nà sí lọ. Ó gbọ́, ó tún un sọ fún mi kí n lè mọ̀ pé ó yé e. Nígbà tí mo padà dé ní ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, sílàìdì náà dán, ó tínrín bí ó ti yẹ, ẹlẹ́rìí quartz jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ eérú, ṣùgbọ́n mo yí i títí, àwọn hóró náà rí róbótó bí ẹni pé wọn kò nà síbì kankan rí. Wọ́n ti gé e lódìkejì. Rírìn tí wọ́n rin ín nínú gọ́ọ̀mù àti omi dísìkì ti fọ ìlà máákà mi nù, ọmọọṣẹ́ mìíràn ni ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ náà, ó gé e níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti balẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń gé mábù lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn, pé òkúta kan náà ni níbikíbi tí a bá ti gé e. Fún òkúta mantle, ìhà ni ó ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bí olivine ti ń ṣàn fún ìgbà pípẹ́, àwọn hóró rẹ̀ máa ń yí lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọ̀pọ̀ jù nínú wọn yóò fi kọjú sí ibi kan náà, tí ọ̀pá ara wọn, ìyẹn ìhà inú hóró, tí ìgbì ń yára gbà jù yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìhà tí òkúta náà ń ṣàn sí lọ. Ìgbì ìmìtìtì ilẹ̀ ń gba ọ̀pá yẹn ní nǹkan bíi kìlómítà 9.9 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n ó ń gba ọ̀pá tí ó lọ́ra jù ní 7.7 péré. Harry Hess, onímọ̀ ilẹ̀, rí èyí ní 1964 lábẹ́ òkun Pacific, nígbà tí ó ṣàkíyèsí pé ìgbì ń yára sí ìhà kan ju ìkejì lọ. Lábẹ́ àwọn kọ́ńtínẹ́ǹtì, ìgbì tí ó gba inú àárín gbùngbùn ilẹ̀, lábẹ́ mantle, gòkè máa ń pín sí méjì nínú mantle, èkíní á dé, èkejì á tẹ̀lé e pẹ̀lú nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan, láti ibẹ̀ sì ni àwọn onímọ̀ ti ń mọ ìhà tí òkúta ìsàlẹ̀ ti ṣàn sí. Nígbà tí àlejò bí òkúta mi bá ń yí gbirigbiri nínú òkúta yíyọ́ bọ̀ lókè, kò rántí ibi tí àríwá wà mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí ó kù fún un ni bí hóró rẹ̀ ṣe tò sí ara wọn, pẹlẹbẹ rẹ̀ àti ìnà rẹ̀. Èyí náà ni dísìkì gé dànù.

Àti pé òfin náà kò rọrùn tó bí mo ṣe sọ ọ́. Ní 2001, Haemyeong Jung àti Shun-ichiro Karato tẹ olivine nínú yàrá ìwádìí, wọ́n sì fi hàn pé bí omi díẹ̀ bá wà nínú rẹ̀ tí agbára tí ń tẹ̀ ẹ́ sì pọ̀, ọ̀pá tí ó yára náà lè dábùú ìhà ìṣàn dípò kí ó bá a lọ. Omi tí mò ń sọ kì í ṣe èyí tí ènìyàn lè rí. Átọ́ọ̀mù hydrogen tí ó há sáàárín átọ́ọ̀mù olivine ni, ó tó láti mú kí òkúta náà rọ̀. Ẹni tí ó bá ka ìhà ìgbì láìmọ̀ bí omi ti pọ̀ tó nísàlẹ̀ lè ka ọ̀nà ìṣàn sódì pátápátá. Ìdí nìyí tí mo fi nílò sílàìdì tí a gé bí ó ti yẹ: n kò ní ẹ̀rọ tí ń ka ọ̀pá hóró, ṣùgbọ́n pẹ̀lú pẹpẹ yíyí, sùúrù, àti ìgékù tí ó tọ́, ènìyàn lè rí bóyá àwọn hóró tí wọ́n nà sí ìhà kan ń ṣókùnkùn papọ̀ tàbí wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo gbé ẹjọ́ mi lọ bá ọ̀gá. Ọmọọṣẹ́ tí ó gé e dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà." Ọ̀gá kò jẹ́ kí ó dá gbogbo ẹ̀bi náà gbé, ó ní òun ni ó yẹ kí ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ó fẹ́ gé òmíràn fún mi ní ₦4,000. Mo sọ fún un pé n kò rò pé ó yẹ kí n san kọ́bọ̀ kan, ó ní dísìkì àti gọ́ọ̀mù ti wọ́n, a sì parí rẹ̀ sí ₦2,500. Èyí kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo sì ń sọ ọ́ ní gbangba: ẹni tí ó tún ìlànà oníbàárà sọ fún un tí kò sì tẹ̀lé e kò yẹ kí ó gba owó lórí àtúnṣe.

Nǹkan kékeré mìíràn wà tí mo fi ń yọ máàkì. Àárín pẹpẹ máíkírósíkóòpù náà kò bá àárín awò rẹ̀ mu, nítorí náà bí ènìyàn bá ti ń yí i, hóró tí ó ń wò yóò sá kúrò lójú, yóò sì di wíwá kiri. Fún iṣẹ́ tí gbogbo rẹ̀ dá lórí yíyí, ó ń dáni lágara, bẹ́ẹ̀ ìdè méjì péré ni a ó yí kí ó tó bọ́ sípò. Mo bá wọn ṣe é ní ọjọ́ kejì láìgba owó, bí ẹ bá lọ báyìí ẹ ó bá a ní títọ́, bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì fọwọ́ kàn án. Jẹnẹrétọ̀ wọn wà lábẹ́ fèrèsé igun náà gan-an, ó sì ń mi tábìlì nígbà tí iná bá lọ, nítorí náà àárọ̀ ni ó dára láti lọ. Sílàìdì wọn ní orúkọ àti ọjọ́ tí a fi kálámù onídáyámọ́ńdì fín sára gíláàsì, kì í ṣe bébà tí a lẹ̀ mọ́ ọn, mo sì fẹ́ràn èyí.

Nínú máàkì 10, mo fún wọn ní 7. Ìbá jẹ́ 9 bí kì í bá ṣe òkúta kẹta.

Nígbà tí mo gbé ìyókù òkúta náà padà, n kò fa ìlà máákà mọ́. Mo gba fáìlì irin lọ́wọ́ ọ̀gá, mo fi la ojú méjì sí etí pẹlẹbẹ náà, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú, èyí tí ó gùn dojú kọ ìhà tí hóró nà sí. Ó wò ó, ó ní òun yóò máa bá gbogbo oníbàárà ṣe bẹ́ẹ̀ láti òní lọ, ó sì so fáìlì náà kọ́ sára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dísìkì. Sílàìdì tuntun náà dé ọwọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Hóró ńlá kan wà nínú rẹ̀ tí gígùn rẹ̀ fi ìlọ́po márùn-ún ju fífẹ̀ rẹ̀ lọ, pẹ̀lú ìlà mẹ́rin tí ó dábùú rẹ̀, bí mo bá sì yí pẹpẹ, òun àti mẹ́fà nínú àwọn aládùúgbò rẹ̀ ń ṣókùnkùn papọ̀.